Ẹ má fi kírìmù pa ẹnu awọ ara mọ́

1. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ bá mi ní sùúrù. Ó kan awọ ara, ó kan jẹjẹrẹ, ó sì kan àwa tí a máa ń yára fi kírìmù bo ohun tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Costain ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ọ́, níbi tí àwọn kọ́ńdọ́ ti ń pariwo "Ìddó! Oyíngbò! Ojúẹlẹ́gbà!" láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

2. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ kókó ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí dátà rẹ̀ fẹ́ tán. Egbò ẹnu tí kò jinná, tàbí iléròrò tó ń bẹ́ tó sì ń bó tí kò gbọ́ oògùn, ó lè jẹ́ pé láti inú ló ti ń bọ̀. Nígbà míì, jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi kírìmù bò ó láìwádìí, ẹlẹ́rìí ló ń dì lẹ́nu.

3. Ẹ̀gbọ́n màámi ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mọ́mì Costain ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lábẹ́ bíríjì fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Dẹ́rẹ́bà mọ̀ wọ́n, agbèrò mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Iganmu náà mọ̀ wọ́n. Wọn kì í fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á lá a, wọ́n á ní, "Iyọ̀ kù díẹ̀."

4. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lá ọbẹ̀ náà, wọ́n sì kígbe. Wọ́n ní ata ń jó àwọn lẹ́nu bí iná. Ata tí wọ́n ti ń jẹ láti kékeré! A wo ẹnu wọn: ètè ti bó, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pọ́n, ahọ́n ní egbò lọ́tùn-ún lósì. Màámi ní, "Ibà ni. Ibà ló sọ sí wọn lẹ́nu." A ra oògùn ibà. Ibà lọ o, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó wá rí. Egbò ò lọ.

5. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì fún wọn ní fítámì, ó tún fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iléròrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láyà àti lẹ́yìn wọn. Ó ń bẹ́, ó ń ṣomi, ó ń dá egbò. Ló bá fún wa ní kírìmù kan báyìí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó rọ̀ wọ́n. A dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ra òmíràn. Èmi gan-an ni mo lọ rà á, torí náà mi ò kọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

6. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn lábẹ́ bíríjì. Ẹnì kan ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹlòmíì ní àrùn kògbóògùn ni. Bọ̀dá kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àwìn fún láti ọjọ́ pípẹ́ ní òun ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń bó. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùbá alápá gígùn nínú ooru Èkó, wọ́n ń fi ìborùn bo ẹnu. Ìkòkò ìrẹsì tó máa ń tán kí aago mọ́kànlá tó lù di èyí tí à ń gbé padà sílé lálẹ́.

7. A mu àgbo. A fi òróró pa ara. Wọ́n ní ká lọ bẹ ẹni tí a bá ṣẹ̀, a lọ bẹ ẹni tí a ò ṣẹ̀ pàápàá. Oṣù méje kọjá báyìí. Ní gbogbo oṣù méje yẹn, kò sẹ́nì kankan tó bi wọ́n pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi ń rù tó báyìí?" A ṣáà rò pé torí wọn ò lè jẹun ni.

8. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ọsibítù kan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu, ó wo ojú wọn, ó fọwọ́ wá ọrùn, abíyá àti ikùn wọn. Ó bi wọ́n bóyá òógùn máa ń bò wọ́n lóru. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo sì fẹ́ ká yàwòrán inú yín." Inú bí màámi. Ṣebí ẹnu àti awọ ló ń dùn wọ́n, kí ló wá kan inú?

9. Inú gan-an ló kàn. Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ló wà níkùn wọn, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní lymphoma. Orúkọ ohun tó ń bó wọn lára náà wà lórí ìwé: paraneoplastic pemphigus. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè pè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn. Mò ń kà, mò ń kà, títí bátìrì fi kú.

10. Ohun tí mo rí kà nìyí. Ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ ya àrùn yìí sọ́tọ̀ tí wọ́n fún un lórúkọ. Grant Anhalt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ nípa aláìsàn márùn-ún nínú New England Journal of Medicine. Àwọn márààrún ní èèmọ̀ nínú ara, àwọn márààrún ní egbò ẹnu tó ń dunni wọra. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n bá antibody tó ń bá awọ ara aláìsàn fúnra rẹ̀ jà.

11. Kí ni antibody? Ohun ìjà ni, tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń rọ. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á wo àwòrán rẹ̀ dáadáa, wọ́n á rọ antibody tó bá a mu rẹ́gí, òun ni yóò lọ lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀ràn dé nígbà tí ohun ìjà yìí bá yíjú padà sí onílé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

12. Ẹ̀yin ará Costain, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣàpèjúwe. Ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé láti Ìlú Ọba ló ń jẹ́ Costain, orúkọ wọn ló lẹ̀ mọ́ àdúgbò wa títí dòní. Ẹ wò ó báyìí pé awọ ara jẹ́ ògiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ni bulọ́ọ̀kù. Ohun tó mú bulọ́ọ̀kù kan mọ́ èkejì ni sìmẹ́ńtì. Nínú àrùn yìí, antibody ò fọ́ bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì ló ń ha. Desmoglein wà lára orúkọ sìmẹ́ńtì náà, òun àti àwọn mìíràn bí envoplakin àti periplakin. Tí sìmẹ́ńtì bá ti lọ, bulọ́ọ̀kù á ṣí, omi á dúró sáàárín, iléròrò nìyẹn.

13. Kí ló wá da jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ ọn? Ẹ ti rí i rí nígbà tí wọ́n bá ké "Olè! Olè!" ní ibùdókọ̀. Olè wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ó sì ti sá. Gbogbo ọ̀dọ́ tú jáde. Ẹni tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa lọ́jọ́ náà gbé. Irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ara ń bá jẹjẹrẹ jà, ìjà náà sì dédé kan awọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, torí ohun kan wà lára àwọn méjèèjì tó jọra.

14. Ìgbà míì wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Castleman. Àwọn olùwádìí ti rí i pé nínú àwọn kan tí Castleman àti àrùn awọ yìí jọ ń bá jà, èèmọ̀ náà gan-an ló ń rọ antibody tó ń bó awọ. Ẹ rí i pé olè fúnra rẹ̀ ló ń ké "Olè!" Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìrètí wà o. Tí wọ́n bá tètè rí irú èèmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì yọ ọ́ tán, antibody lè máa dínkù, awọ sì lè máa jinná díẹ̀díẹ̀. Kò sí kírìmù tó lè ṣe ìyẹn.

15. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àrùn yìí, egbò ẹnu ló ń ṣáájú, kì í sì í gbọ́ oògùn tí à ń lò fún egbò ẹnu lásán. Ojú lè pọ́n, ó lè máa ṣepin. Awọ lè bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ó tún lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí mímí di iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ojú egbò wọ̀nyẹn ni kòkòrò àrùn mìíràn ń gbà wọlé, òun náà sì ń pa èèyàn.

16. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀? Ní 1964, Ernst Beutner àti Robert Jordon ní Buffalo ní Amẹ́ríkà fi hàn pé antibody tó ń lẹ̀ mọ́ awọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní pemphigus. Wọ́n lo àwọ̀ kan tó ń tàn, wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, ibi tí antibody dúró sí sì mọ́lẹ̀. Fún irú ti jẹjẹrẹ yìí, wọ́n tún máa ń dán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò lára àpò ìtọ̀ eku. Antibody rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ti pemphigus lásán kì í sábà ṣe. Àpò ìtọ̀ eku! Ẹ ò rí ọgbọ́n ọmọ aráyé bí?

17. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Awọ tí wọ́n bá gé fún àyẹ̀wò antibody, wọn kì í fi sínú formalin bí wọ́n ṣe ń fi ẹran ara yòókù sí. Formalin máa ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Èyí tí wọ́n gé sínú formalin wúlò fún àyẹ̀wò mìíràn, ṣùgbọ́n ti antibody gbọ́dọ̀ dá wà lọ́tọ̀. Torí náà tí wọ́n bá fẹ́ gé awọ ẹni yín tó ń yọ iléròrò, ẹ rọra bèèrè pé, "Dókítà, ṣé ẹ máa gé ọ̀tọ̀ fún ti antibody?" Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè.

18. Kì í sì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe báyìí. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ dermatomyositis. Ìpéǹpéjú á wú, á yí àwọ̀ padà, oríkèé ìka á yọ kókó pẹlẹbẹ, èèyàn ò ní lè gun àtẹ̀gùn tàbí gbé ọwọ́ sókè fi ya irun. Nínú àgbàlagbà, ó lè bá jẹjẹrẹ rìn, pàápàá tí àyẹ̀wò bá fi antibody kan hàn tí wọ́n ń pè ní anti-TIF1-gamma. Àwòrán òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú ìwé ìṣègùn, ara wọn á pọ́n bí tòmátò. Lára tiwa aláwọ̀ dúdú, ó lè kàn dúdú sí i, tàbí kó rí bí àlùkò. Ojú tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oòrùn ló pa á.

19. Ẹ má bẹ̀rù jù o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀yún ara lálẹ́ òní kó máa sunkún pé jẹjẹrẹ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń yọ sí wa lára, èékú ni, làpálàpá ni, oògùn tí kò bá ara mu ni. Pemphigus fúnra rẹ̀ wà tí kò ní jẹjẹrẹ kankan nínú. Irú èyí tí mò ń sọ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí iléròrò tó ń tàn ká, pàápàá tí ẹni náà bá ń rù, kúrò ní ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì.

20. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Àwa Yorùbá ní ìbẹ̀rù pàtàkì fún àrùn tó bá hàn lára. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, wọn kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná gbàùgbàù. Wọ́n á ní "ilẹ̀ gbígbóná", wọ́n á ní "Olóde". Ìgbà náà, mo gbà, kò sí oògùn rẹ̀. Àmọ́ láti 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Àrùn ti lọ, ìbẹ̀rù ò lọ. Àwa náà la ṣì ń pe jẹjẹrẹ ní "àìsàn yẹn", tí a ń fi ìborùn bo ẹnu tó ń dùn.

21. Ẹ sì rántí pé ní apá ibí yìí náà la ti rí ẹni tó là á mọ́lẹ̀. Nígbà tí Fela kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, bọ́ síta, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Ìdílé ńlá, orúkọ ńlá, àrùn tí ojú ń ti gbogbo èèyàn láti dá lórúkọ. Kò bò ó. Tí wọ́n bá lè sọ ìyẹn nígbà yẹn, kí ló dé tí àwa ò lè sọ pé, "Ẹnu ń dun Mọ́mì láti oṣù méjì, ẹ bá wa wò ó"?

22. Mo mọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ sọ. "Ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe ìtìjú, owó ni." Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Nílé wa, mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo kọ gbogbo ohun tí a ná ní oṣù méje sílẹ̀: kírìmù, fítámì, àgbo, òróró, ọkọ̀ lọ sí orí òkè. Ó ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n gbà fún gígé awọ àti àyẹ̀wò rẹ̀ lọ. Àìlówó ò jẹ́ ká ṣe ìtọ́jú jẹjẹrẹ bó ṣe yẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n àìlówó kọ́ ló fa oṣù méje yẹn.

23. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká bá ìjọba sọ̀rọ̀. Láti Costain sí Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí NSIA kọ́ sí LUTH ti wà níbẹ̀ láti 2019. Ní 2022, ààrẹ buwọ́ lu òfin tó ní kí ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní Ilera Eko. Ó dára. Àmọ́ ẹ wá sí abẹ́ bíríjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ bi àwọn ìyá olóúnjẹ, àwọn oníbàtà, àwọn agbèrò, bóyá wọ́n ní káàdì kankan. Àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ mọ ibi tí wọ́n wà. Ìdí wo ni ètò ìlera ò fi ní mọ̀ ọ́n?

24. Ẹ̀yin ọ̀gá oníkẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni dókítà àkọ́kọ́ tí tálákà ń rí, mo mọ̀. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín fún. Tí ẹnì kan bá padà wá lẹ́ẹ̀kẹta fún kírìmù kan náà, ẹ má tà á. Ẹ ní kó ya ẹnu. Ẹ wo inú rẹ̀. Tí ẹnu àti awọ bá jọ ń bó, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé kó lọ sí ọsibítù, kó bèèrè dókítà awọ. Kírìmù olóògùn mẹ́ta yẹn lè bo àmì mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tí ohun tó wà nínú ń dàgbà.

25. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, a mọ̀ pé èrò pọ̀, a mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe ju agbára yín lọ. Síbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọwọ́ sí ọrùn àti abíyá kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ò ní ẹ̀rọ tí àwọn yòókù ò ní. Ó kàn gbà pé ohun tó wà lára lè máa sọ ohun tó wà nínú.

26. Àwa mọ̀lẹ́bí ńkọ́? Tiwa ló pọ̀ jù. Ká bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ká ṣọ́ bí aṣọ ṣe ń tóbi sí wọn lára. Ká mọ oògùn tí wọ́n ń lò, ká kó páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà. Ká jẹun pẹ̀lú wọn, torí antibody kì í ranni. Mo tún un sọ: kì í ranni. Ẹni tó bá sá fún oúnjẹ Mọ́mì, ìbẹ̀rù lásán ló sá fún. Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àmọ́ àrùn tí a bá fi pamọ́, ta ló fẹ́ wò ó?

27. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹnu Mọ́mì jinná díẹ̀, débi pé láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n mu ògì tútù, wọ́n ní kí n fi ṣúgà sí i. Inú wa dùn bí ẹni tó ṣe ọdún. Lẹ́yìn náà ni mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Wọ́n kú ní oṣù kẹta tí a mọ orúkọ àrùn náà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ká ní a tètè lọ ni, wọn ì bá yè. Irú àrùn yìí le, àní fún àwọn tó tètè lọ. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọn ì bá má lo oṣù méje nínú ìborùn, kí wọ́n máa rò pé àwọn ṣẹ ẹnì kan.

28. Ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kọ nǹkan sórí fóònù, kọ eléyìí fún wọn. Sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀." Ohun tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ báyìí. Tó bá ṣe yín ní àǹfààní, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ọjà yín, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ti landlọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá sì délé lálẹ́ òní tí màmá yín bá ní ata ń jó àwọn lẹ́nu, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ ní, "Ẹ yanu, mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó."